AST, ALT, GGT àbí kí n ṣe gbogbo ẹ̀: tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀ wo ló yẹ kí ẹni tó ń mutí sanwó fún?

Àwọn tó ń wá sí lábù wa ní Òṣogbo níbí, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé tẹ́ẹ̀sì wo ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á ní "ti ẹ̀dọ̀", ó parí. Tẹ́ ẹ bá tún ní èwo nínú ti ẹ̀dọ̀, wọ́n á wò yín bíi pé ẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi ṣá, torí orúkọ kan ṣoṣo la ń pè é, LFT (liver function test), àmọ́ nǹkan bíi mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá, ẹni tó bá sì jẹ́ pé ọtí ló ń já a láyà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú tówó ò bá tó, àtèyí tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀ kí ayé má sì bàjẹ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn nǹkan bí AST, ALT àti GGT tó ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, tó bá ga ń sọ pé nǹkan kan ń pa ẹ̀dọ̀ lára lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Kì í sọ bí ẹ̀dọ̀ tó kù ṣe pọ̀ tó. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, tẹ́ẹ̀sì tó ń dáhùn ọ̀kan ò lè dáhùn èkejì, ibẹ̀ gan-an lowó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ.

AST àti ALT

Inú sẹ́ẹ̀lì làwọn méjèèjì ń gbé. Tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bá ń fara pa, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀, iye tá a bá nínú ẹ̀jẹ̀ la máa ń kọ sínú ìwé fún yín. Ọ̀pọ̀ lábù ló fi nǹkan bíi 40 yúnìtì nínú lítà kan ṣe òté, pé ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àmọ́ ẹ máa wo èyí tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tiyín, torí ti lábù kan lè yàtọ̀ sí tòmíì.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra wọn nìyí. ALT, ẹ̀dọ̀ ló pọ̀ sí jù lọ. AST wà nínú ẹ̀dọ̀, ó tún wà nínú ọkàn, nínú ẹran ara, kódà ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń sọ pé tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ lówó fún, ẹ mú ALT, torí òun ló jẹ́ ti ẹ̀dọ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ hẹpatáítìsì B là ń wá tàbí ọ̀rá tó mú ẹ̀dọ̀ nítorí sísanra, mo gbà. Tó bá jẹ́ ọtí, mi ò gbà o. ALT nìkan lè tan ọlọ́tí jẹ pátápátá.

Bó ṣe ń ṣe é ni pé fítámì B6 ló ń bá ẹ́ńsáìmù méjèèjì yìí ṣiṣẹ́, ALT ló sì nílò ẹ̀ jù, ẹni tó ń mutí gan-an kì í sábà ní B6 tó lára torí pé oúnjẹ ò wọlé dáadáa mọ́, ọtí ti gba ipò oúnjẹ, nígbà náà ALT ò ní lè ga bó ṣe yẹ. AST ní tiẹ̀, oríṣi kan wà nínú ẹ̀ tó wà nínú maitokọ́ńdríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, ibẹ̀ sì ni ọtí ti ń ṣọṣẹ́ jù. Torí náà tó bá jẹ́ ọtí ló ń ṣe ẹ̀dọ̀, AST ló máa ń ga ju ALT lọ, ó sì sábà máa ń ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Ìpín yìí, ìyẹn kẹ́ ẹ fi ALT pín AST, orúkọ De Ritis, dókítà ará Ítálì tó kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1957, ni wọ́n fi ń pè é dòní.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún, AST ẹ̀ jẹ́ 90, ALT ẹ̀ jẹ́ 36. Tó bá jẹ́ ALT nìkan ló ṣe, 36 kò kọjá òté, ilé ló máa lọ, á lọ sọ fún wọn pé ẹ̀dọ̀ òun pé. Nígbà táwọn méjèèjì wà lórí ìwé kan náà, 90 tá a bá fi 36 pín in, 2.5. Iyẹn ń pariwo ọtí. Nítorí náà ẹ ṣe méjèèjì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà yín ní ọ̀kan.

Kì í ṣe pé ìpín yìí nìkan tó fi dájọ́ o. Ẹ̀dọ̀ tó ti dápàá gan-an, kódà kó jẹ́ hẹpatáítìsì ló fà á, AST lè ju ALT lọ níbẹ̀ náà. Nǹkan mìíràn tún ni pé ọtí lásán kì í sábà gbé AST kọjá 300 sí 400. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti wọ ẹgbẹ̀rún, ẹ má di ẹ̀bi ru bíà nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti lo parasítámọ́ọ̀lù ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó jẹ́ kòkòrò hẹpatáítìsì, tàbí àgbo kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀la.

Ó ku ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tẹ́ yin tẹ́ ẹ jókòó síta ò rí. Lẹ́yìn tí a bá yí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀rọ tán, pupa á lọ sísàlẹ̀, omi tó máa dúró lókè ló yẹ kó ní àwọ̀ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Tó bá ti pọ́n, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ pupa ti bẹ́, bóyá torí pé ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ fi agbára tẹ̀ ẹ́ jáde látinú abẹ́rẹ́, AST tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa á wá dà sínú omi yẹn, èsì á ga lásán. Lábù tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á ní kẹ́ ẹ padà wá kí wọ́n fa òmíràn, ẹ má bínú sí wọn. Ẹni tó bá jẹ́ SS náà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń bẹ́ fúnra ẹ̀, AST ẹ̀ lè ga láìmu kọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lánàá tó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì lónìí, ẹran ara ẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀.

GGT, ALP, MCV

GGT, ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ míì, ni gbogbo ìyàwó ọlọ́tí ti gbọ́ nípa ẹ̀. Òótọ́ ni pé ọtí máa ń gbé e sókè, ó sì máa ń ga nígbà mìíràn kí AST tó yí. Àmọ́ kì í ṣe ọtí nìkan ló ń gbé e. Ìyàwó kan mú ọkọ ẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá ṣì ń yọ́ ọ mu lẹ́yìn tó búra. Èsì jáde, ó ju 150 lọ, mọ̀mí ti dìde. "Dókítà, ẹ rí i báyìí! Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?" (Dókítà ni wọ́n ń pe gbogbo wa ní lábù, a ò ní kí wọ́n má pè é.) Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná. Bàbá, oògùn wo lẹ ń lò nílé?" Oògùn wárápá ni bàbá ń lò, ó ti pẹ́ tó ti ń lò ó. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń gbé GGT, ìkan nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń gbé e, ìtọ̀ ṣúgà àti sísanra náà ń gbé e. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá ń mu àbí kò mu, ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé yẹn ò lè jẹ́rìí sí i. Àwọn kan sì tún wà tí wọ́n ń mu kárakára, GGT wọn ò yí.

Ibi tí GGT ti wúlò jù lójú tèmi ni fún ẹni tó ti jáwọ́ tó fẹ́ rí i pé nǹkan ń lọ sílẹ̀. AST máa ń yára wálẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀. GGT á tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó padà sí ibi tó yẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sinmi ọtí fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó wá fa ẹ̀jẹ̀ ò fi lè tan GGT. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fún irú èyí, ẹ ṣe ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe òmíràn lẹ́yìn bí oṣù kan ààbọ̀, ní lábù kan náà.

ALP ò kàn yín tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà omi òróòro ló ń ṣọ́, ó tún ń ti inú egungun jáde, aláboyún àti ọmọ tó ń dàgbà, tiwọn máa ń ga láìsí àìsàn. Ẹ má sanwó ọ̀tọ̀ fún un nítorí ọtí.

MCV ni mo fẹ́ràn torí pé ọ̀fẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ó ti wà nínú FBC, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń ka ẹ̀jẹ̀ (full blood count), tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́nàkọnà, ẹ kàn lọ wò ó lórí ìwé. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó ló ń wọ̀n, ọtí tó pẹ́ lára máa ń mú kó tóbi kọjá 100. Ẹ̀jẹ̀ pupa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, torí náà tẹ́ ẹ bá jáwọ́ lónìí, á gba oṣù mélòó kan kí MCV tó wálẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù àti agbára ẹ̀dọ̀

Ibí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan tó jẹ́ mẹkáníìkì, ó ti mutí fún ọdún tó pọ̀, ó mú èsì jáde látinú àpò ẹ̀, ó fẹ́ kí n bá òun yọ̀. AST 38, ALT 22. Lẹ́tà H tí ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó bá ga, kò sí níbẹ̀ rárá. "Àbúrò, ó ti dáa àbí?" Bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò ò wọ̀ ọ́ mọ́, ikùn ti wú, ẹsẹ̀ ti wú dé kókósẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé kan náà, ibi tí kò wò, albúmìn ẹ̀ jẹ́ 24, èyí tó yẹ kó jẹ́ 35 ó kéré tán. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe albúmìn, tí kò bá rí i ṣe mọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa rọ́ sínú ikùn àti ẹsẹ̀. Ẹ́ńsáìmù ẹ̀ ò ga torí pé sẹ́ẹ̀lì tó kù tó lè jò ò pọ̀ mọ́. Oko tí iná ti jó tán, kò sí èéfín tó máa yọ níbẹ̀.

Àwọn dókítà mọ èyí dáadáa. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bí ẹ̀dọ̀ ọlọ́tí ṣe bàjẹ́ tó, ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Child-Pugh ni wọ́n ń lò, ohun márùn-ún ló wà nínú ẹ̀: bilirúbìn, albúmìn, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ kó tó dì, omi inú ikùn, àti bóyá ọpọlọ ti ń dàrú. Èyí tí Maddrey ṣe lọ́dún 1978 fún ẹ̀dọ̀ tó wú nítorí ọtí, bilirúbìn àti ìdì ẹ̀jẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, tí àròpọ̀ bá ti tó 32, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ẹ wá AST nínú méjèèjì, ẹ ò ní rí i. ALT, ẹ ò ní rí i. Ẹni tó bá ń sanwó ẹ́ńsáìmù lóṣooṣù tí kò ṣe INR (tẹ́ẹ̀sì tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ kó tó dì) àti albúmìn rí, ẹ bá mi sọ fún un.

Láàárín àwọn wọ̀nyí, bilirúbìn ló ń sọ ojú di yẹ́lò, ohun tá a mọ̀ sí ibà pọ́njú. INR ló ń yára sọ òótọ́ jù, torí ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kì í pẹ́ lára, tí ẹ̀dọ̀ bá dá iṣẹ́ dúró, láàárín ọjọ́ díẹ̀ INR á ti ga. Albúmìn ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó dín sí ìdajì, torí náà ìròyìn àtẹ̀yìnwá ló ń mú wá, ebi àti àìsàn kíndìnrín náà sì lè fà á wálẹ̀.

Platelet, àwọn ohun kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kó dì, ni mo tún fẹ́ fi kún un, torí ó wà nínú FBC kan náà. Ìṣirò kan wà tó ń jẹ́ FIB-4, ọdún 2006 ló jáde, ó ń fojú bu àpá ara ẹ̀dọ̀. Ẹ sọ ọjọ́ orí di púpọ̀ lọ́nà AST, ẹ ya èyí sọ́tọ̀, ẹ wá square root ALT lórí fóònù yín, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà platelet, kẹ́ ẹ fi pín ti àkọ́kọ́. Ẹni tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, àádọ́ta ọdún, AST 90, ALT 36, ẹ jẹ́ kí platelet ẹ̀ jẹ́ 150. Àádọ́ta lọ́nà 90 jẹ́ 4500. Square root 36 jẹ́ 6, lọ́nà 150 jẹ́ 900. Èsì jẹ́ 5. Nísàlẹ̀ 1.3, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti ju 2.67 lọ, àpá ti lè wà, kó lọ rí dókítà ẹ̀dọ̀. 5 ti kọjá ẹ̀ dáadáa.

Ẹ má ṣe é nígbà tí ibà ń ṣe yín o, ibà ẹ̀fọn máa ń fa platelet wálẹ̀ gan-an, ìṣirò á dẹ́rù bà yín lásán. Ẹ má sì ṣe é lọ́sẹ̀ tí ọdún Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí gbogbo ìlú ti mu àmuyó, AST ọ̀sẹ̀ yẹn ò ní sinmi. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná. Fún àwọn tí ò tíì pé ọdún 35, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é gbára lé, àwọn tó sì ti kọjá 65, ó máa ń pariwo jù fún wọn.

Lábù àdáni tàbí ọsibítù?

Lábù àdáni, bí irú àwọn tó wà káàkiri Ọláìyá àti Òkèfíà, ó yá, ẹ lè wọlé láàárọ̀ kẹ́ ẹ gba èsì kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n tiẹ̀ lè fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Àmọ́ ìwé nìkan lẹ máa gbà, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ tẹ ikùn yín wò. Ní ọsibítù ìjọba, bíi ti Asubíaró tàbí UNIOSUN Teaching Hospital, ẹ máa gba káàdì, ẹ máa tò, inú lè bí yín, àmọ́ dókítà ló máa yan tẹ́ẹ̀sì, òun náà ló máa kà á. Tẹ́ ẹ bá wà lórí OHIS, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ béèrè ohun tó máa san kẹ́ ẹ tó fowó ara yín sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún "full body check" yẹn. Ó lè ní ogún nǹkan nínú kó má ní INR, kó má ní hẹpatáítìsì. Èmi ò bá kúkú fi owó ẹ̀ ṣe AST, ALT, albúmìn, bilirúbìn, INR, FBC, kí n fi tẹ́ẹ̀sì hẹpatáítìsì B àti C kún un. B pọ̀ ní Nàìjíríà, ẹni tó ní i tó tún ń mutí, nǹkan méjì ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo.

Skáànù nkọ́? Ó dáa fún ọ̀rá, fún omi inú ikùn àti fún ẹ̀dọ̀ tó ti ṣe kókó-kókó. Àpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó lè má rí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀, LFT nìkan ò ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, kẹ́ ẹ sì ka paraga mọ́ ọtí. Àìmọye èèyàn ló máa ń ní àwọn ò mutí, "àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni mo máa ń mu ní gáréèjì", ògógóró sì ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ìgò bíà ńlá kan, 60cl tí ọtí inú ẹ̀ jẹ́ 5%, gíráàmù 24 ni ògidì ọtí tó wà níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìlera ní ìlú Ọba ní kéèyàn má kọjá gíráàmù 112 lọ́sẹ̀, ìyẹn ò pé ìgò márùn-ún.

Ta ló máa mú èwo

Ẹni tó ṣì ń mu tára ẹ̀ le, àwọn tí mo ní mo máa fi owó "full body check" ṣe yẹn ló máa ṣe, ó sì lè fi GGT sílẹ̀. Ẹni tó ti jáwọ́, AST, ALT àti GGT, lẹ́ẹ̀mejì, lábù kan náà. Àmọ́ ẹni tó ń mu lójoojúmọ́, tí ọwọ́ ẹ̀ ti máa ń gbọ̀n láàárọ̀ kó tó mu, kó má dá a dúró lójijì nílé nítorí tẹ́ẹ̀sì, ó lè fa gìrì, ó lè pa á. Dókítà ló máa bá a dín in kù.

Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti dápàá, kó gbàgbé eré AST lóṣooṣù. Albúmìn, bilirúbìn, INR, platelet ni tiẹ̀, bí dókítà bá ṣe ní kó máa ṣe é, àti skáànù lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kó máa kó gbogbo èsì àtijọ́ dání nínú fáìlì kan, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè sọ bóyá nǹkan ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ẹni tójú ẹ̀ ti di yẹ́lò, tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tó ń yàgbẹ́ dúdú, tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń sùn lọ́sàn-án tí kò ṣeé jí, kó má wá sọ́dọ̀ wa rárá. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù tó bá súnmọ́ yín jù, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀.